Ṣé Kí A Ra Òmíràn Kún Un? Ọ̀rọ̀ Lórí Timeshare Àtúntà

  Ọ̀rọ̀ owó la gbé wá lónìí, àmọ́ kì í ṣe owó oúnjẹ, kì í sì í ṣe owó ilé-ìwé ọmọ. Owó ìsinmi ìdílé ni, owó tí a máa ń fi ẹ̀rín ná, tí gbèsè rẹ̀ kì í sì í pa ni lẹ́rìn-ín.

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan ló kọ̀wé sí wa. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti ní timeshare kan ní Orlando, ní ìpínlẹ̀ Florida, lábẹ́ Disney Vacation Club. Ìgbà tí ọmọ wọn kò ju ẹyọ kan lọ ni wọ́n rà á. Ní báyìí ọmọ ti di mẹ́ta, ìyá ọkọ sì máa ń ti Ìbàdàn wá bá wọn bí ilé-ìwé bá ti gba ìsinmi gígùn. Yàrá tí wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀ kò gbà wọ́n mọ́. Alágbàtà kan wá fi ọgọ́rùn-ún póìǹtì hàn wọ́n, àtúntà ni, lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kúrò níbẹ̀, owó rẹ̀ sì dín gan-an sí iye tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń tà á. Ìbéèrè ìyá yìí kò gùn: ṣé kí àwọn rà á kún èyí tí àwọn ní?

Fún ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí, timeshare ni kí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ní ilé ìsinmi kan, kí olúkúlùkù sì ní àkókò tirẹ̀ nínú ọdún. Ilẹ̀ Yúróòpù ló ti bẹ̀rẹ̀ ní àwọn ọdún 1960, ní Switzerland àti lórí òkè Alps ilẹ̀ Faransé, kó tó gbilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń tà nígbà náà: ẹni tó bá ra ọ̀sẹ̀ 52, tirẹ̀ ni òpin ọdún lọ́dọọdún. Nígbà tó di 1974, wọ́n dá RCI sílẹ̀ ní Indianapolis, kí ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ ní ibì kan lè fi ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹni tó ní tirẹ̀ níbòmíràn. Disney bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1991, póìǹtì ni wọ́n sì ń tà: iye póìǹtì kan ń wọ àpò yín lọ́dọọdún, ẹ ó fi gba yàrá, yàrá ńlá àti àkókò tí èrò pọ̀ sì ń jẹ póìǹtì jù.

Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà pé ó fẹ́ràn timeshare. Ìdí tí ìdílé Yorùbá fi ń lọ síbẹ̀ hàn gbangba. Bí Màmá bá ti Ìbàdàn dé, ta ni yóò fi bọ́gà àti ọ̀dùnkún díndín bọ́ ọ fún ọjọ́ méje? Nínú ilé oníyàrá méjì ní Orlando, ilé ìdáná gidi ń bẹ níbẹ̀, sítóòfù ń bẹ, fìríìjì ńlá ń bẹ, ẹ̀rọ ìfọṣọ náà ń bẹ. Ẹ̀fọ́ rírò tó ti dì gbagidi nínú kúlà ni ẹ ó gbé wọlé, ẹ ó ro àmàlà lé e lórí, Màmá yóò sì ní yàrá tirẹ̀ tí yóò ti máa gbàdúrà ní ìdájí láìjí ọmọ kankan. Àmọ́ èyí tó kéré jù, tí wọ́n ń pè ní studio, kò ní ilé ìdáná bẹ́ẹ̀. Máíkíróówéfù àti fìríìjì kékeré ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Ẹni tí póìǹtì rẹ̀ kò ju ti studio lọ, tí ìdílé rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i, kò sí bí ojú rẹ̀ kò ṣe ní máa wò síwájú. Ibẹ̀ ni ìyá yìí dúró sí, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, nítorí ohun tó ń wá kì í ṣe fàájì lásán. Ó fẹ́ kí ìyá ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ jọ wà lábẹ́ òrùlé kan.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo owó náà dáadáa. Iye tí wọ́n pè é lórí ọjà ló kéré jù nínú ọ̀rọ̀ timeshare. Owó ìtọ́jú ọdọọdún ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ẹ lọ, ẹ ó san án. Bí ẹ kò lọ, ẹ ó san án. Ó dà bí owó ẹgbẹ́: ẹni tí kò wá síbi ayẹyẹ kò lè sọ fún akápò pé kó yọ orúkọ òun kúrò nínú owó oṣù. Nínú owó yìí ni owó orí ilé wà, owó ìbánigbófò, owó àwọn tó ń tún yàrá ṣe, àti owó tí wọ́n ń tọ́jú pamọ́ de ìgbà tí òrùlé bá gbó tàbí tí ibùsùn bá di èyí tí a ó pààrọ̀. Kò sí ẹni tó lè bá yín fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní lọ sókè.

Ní Florida pàápàá, ìdí tó fi ń lọ sókè kò fara sin. Ìjì líle Ian kọ lu gúúsù ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ náà ní ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ó ba ilé ìsinmi jẹ́ ní Sanibel àti Fort Myers Beach. Ilé tí ìjì bá bà jẹ́ báyìí, bí owó ìbánigbófò kò bá tó tún un ṣe, àwọn tó ni ín ni wọ́n ń bu owó pàjáwìrì lé lórí, yàtọ̀ sí ti ọdọọdún. Ṣáájú ìyẹn, ní ọjọ́ 24 oṣù kẹfà ọdún 2021, ilé alájà púpọ̀ kan wó ní Surfside nítòsí Miami, ènìyàn 98 sì kú. Ilé gbígbé ni, kì í ṣe timeshare, àmọ́ òfin tí Florida ṣe ní 2022 lẹ́yìn rẹ̀ pàṣẹ pé kí àwọn tó ni ilé kọ́ńdò tó bá ti tó àjà mẹ́ta máa tọ́jú owó gidi sílẹ̀ fún àtúnṣe egungun ilé náà. Òfin tó dára ni. Ẹ̀mí ènìyàn ló wà nídìí rẹ̀. Àmọ́ inú àpò ẹni tó ní kọ́ńdò ni owó náà ti ń jáde, ọ̀pọ̀ timeshare tó wà létí òkun sì jẹ́ kọ́ńdò.

Ìdí rèé tí ẹ fi ń rí timeshare tí wọ́n ń ta ní dọ́là kan péré lórí eBay. Dọ́là kan! Ẹlòmíràn yóò rò pé oríire dé. Ẹni tó ń tà á kò wá owó rárá. Ó ń wá ẹni tí yóò bá a gba ẹrù náà kúrò lórí. Púpọ̀ nínú irú wọn kò ní ọjọ́ òpin. Bí ẹni tó rà á bá kú, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lórí ìwé, wọ́n á sì máa wá ẹni tí yóò san owó ọdọọdún kiri láàárín ohun tó fi sílẹ̀. Àwa Yorùbá fẹ́ràn kí a fi ilé sílẹ̀ fún ọmọ. Ẹ má kó gbèsè pọ̀ mọ́ ogún fún wọn. Ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti kọ irú ogún bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ tètè kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nínú ìwé, kò sì gbọ́dọ̀ tíì lò ó. Oṣù mẹ́sàn-án ni òfin owó orí ìjọba àpapọ̀ fi sílẹ̀ fún un. Agbẹjọ́rò ló yẹ kó bá a kọ ìwé náà.

Ti Disney yàtọ̀ díẹ̀. Ó ní ọdún tó ń parí, ilé-iṣẹ́ náà sì pa ẹ̀tọ́ mọ́ fún ara rẹ̀ láti kọ́kọ́ ra ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ tà, ní iye tí ẹni tó fẹ́ rà á bá dá lé e. Nítorí náà àtúntà rẹ̀ kì í já wálẹ̀ dé dọ́là kan. Àǹfààní ni èyí fún ẹni tó ń tà. Ẹni tó ń rà ní láti mọ̀ pé òun lè bá ẹni tó ń tà sọ ọ̀rọ̀ tán, kí òun fọwọ́ síwèé, kí ilé-iṣẹ́ sì já a gbà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ẹ jẹ́ ká gbé ìpolówó tí alágbàtà fi ránṣẹ́ sí ìyá wa yìí sójú. Ìlà kan ṣoṣo ni: BoardWalk, 100 póìǹtì, Use Year June, póìǹtì ọdún yìí ti tán. Tirẹ̀ tó ní tẹ́lẹ̀, Saratoga Springs ni, Use Year December, títí di 2054. Ilé ìsinmi Disney ni méjèèjì; Use Year sì ni oṣù tí póìǹtì ọdún tuntun máa ń wọlé.

BoardWalk parí ní oṣù kìíní ọdún 2042. Bí ọjọ́ náà bá pé, ilé padà sọ́wọ́ Disney, ẹ kò ní nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà ọdún mélòó kan lẹ ń rà, wọ́n sì ń dín kù lójoojúmọ́. "Ti tán" túmọ̀ sí pé ẹ ó sanwó báyìí, ẹ ó sì dúró di ọdún tó ń bọ̀ kí ẹ tó rí póìǹtì kankan lò. Ó yẹ kí ẹni tó ń tà á dín owó nítorí ìyẹn, kó má sì gbé owó ìtọ́jú ọdún tí òun fúnra rẹ̀ lò tán lé yín lórí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò rèé, ó sì jẹ́ ti ẹni tó ń ra òmíràn kún tẹ́lẹ̀ ní pàtàkì. Ilé tí ẹ ra póìǹtì sí, ibẹ̀ ni ẹ lè ti gba yàrá ní oṣù mọ́kànlá ṣáájú. Àwọn ilé yòókù, oṣù méje ni. Bí ẹ bá ní 100 ní BoardWalk, tí ẹ sì ní òmíràn ní Saratoga Springs, ẹ kò lè da méjèèjì pọ̀ gba yàrá ní oṣù mọ́kànlá. Ó di oṣù méje, ìgbà tí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ bá ti ya wọlé. Ilé oníyàrá méjì nígbà ìsinmi ọmọ ilé-ìwé kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Use Year tó yàtọ̀ tún mú kí ìwé méjèèjì dúró ní ìdúró ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni bí orúkọ tó wà lórí wọn kò bá bára mu. Ìyá tó fi orúkọ ọkọ àti ti ara rẹ̀ sórí èkíní, tó wá fi orúkọ ara rẹ̀ nìkan sórí èkejì, ti dá wàhálà sílẹ̀ fún ara rẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2019 sì ni Disney ti ṣòfin pé ẹni tó ra àtúntà àwọn ilé 14 àkọ́kọ́ kò lè fi póìǹtì náà wọ àwọn ilé tuntun bíi Riviera. Marriott, Hilton àti Wyndham náà ní àǹfààní tí wọ́n fi ń dá ẹni tó rà lọ́wọ́ wọn lọ́lá, tí ẹni tó ra àtúntà kì í rí. Ẹni tó bá fẹ́ ra àtúntà, kó béèrè ohun tí kò ní rí gbà kó tó béèrè iye rẹ̀.

Ó kan ìṣirò báyìí. Ẹ mú bírò. Ká ní póìǹtì kan jẹ́ 100 dọ́là: ọgọ́rùn-ún póìǹtì di 10,000 dọ́là. Ká ní ọdún 16 ló kù. Ẹ pín 10,000 sí 16, ó jẹ́ 625 dọ́là lọ́dún. Ká ní owó ìtọ́jú jẹ́ dọ́là 9 lórí póìǹtì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 900 lọ́dún. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,525 dọ́là lọ́dún, tàbí 24,400 fún ọdún 16. Ẹ lè má rà rárá, kí ẹ yá póìǹtì lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn tí kò ní lọ lọ́dún náà. Disney gbà á láyè. Ká ní ẹ yá a ní dọ́là 20 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan: 2,000 lọ́dún, 32,000 fún ọdún 16. Alágbàtà yóò na ìka sí i pé, ẹ ò rí i, ẹ jèrè ju 7,000 lọ!

Bí ẹ bá lọ ní gbogbo ọdún 16 ni o. Bí ẹ bá fo ọdún mẹ́rin péré nínú rẹ̀, owó yíyá di 24,000, nítorí ọdún tí ẹ kò lọ ẹ kò san nǹkan kan. Ẹni tó rà á ṣì ń san 24,400 tirẹ̀. Èrè ti tán nìyẹn, a kò sì tíì ka owó ìparí ìwé, a kò tíì ka bí owó ìtọ́jú yóò ṣe máa ga sí i. Lóòótọ́ owó yíyá náà lè ga sí i, ẹni tó rà á sì lè fi tirẹ̀ yá ẹlòmíràn lọ́dún tí kò lọ. Àmọ́ iṣẹ́ ni ìyẹn náà, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ní àyè rẹ̀. Bí ẹ bá wá fi káàdì gbèsè rà á, èlé rẹ̀ nìkan yóò gbé gbogbo ìṣirò yìí lọ.

Ìdílé Yorùbá wo ní Amẹ́ríkà ni kì í fo ọdún mẹ́rin nínú mẹ́rìndínlógún? Ọdún tí ẹ bá ń sin òbí, ẹ ó lọ sí Orlando bí? Ọdún tí àbúrò yín bá ń gbéyàwó ní Abẹ́òkúta? Oṣù kejìlá tí gbogbo ẹbí bá ní kí ẹ wálé, tí tíkẹ́ẹ̀tì ènìyàn márùn-ún sì kó gbogbo owó ìsinmi yín lọ? Àwọn tó kọ ìwé ìpolówó timeshare kò mọ irú ọdún bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin mọ̀ ọ́n. Ẹ kà wọ́n mọ́ ọn kí ẹ tó rà. Ẹ tún ka ọjọ́ orí àwọn ọmọ. Ọmọ tó jẹ́ ọdún mẹ́wàá lónìí yóò wọ yunifásítì kí ọdún mẹ́sàn-án tó pé, kò sì dájú pé yóò fẹ́ bá yín tò sórí ìlà láti lọ wo Mickey.

Mi ò sọ pé kò sí ẹni tó yẹ kó ra àtúntà. Ìdílé tó ti ń lọ lọ́dọọdún láìyẹ̀, tí póìǹtì rẹ̀ ń tán pátápátá, tó sì ń yá sí i lọ́dọọdún, tó ní owó náà lọ́wọ́ láìyá gbèsè: kí irú wọn rà á. Ní ilé kan náà tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀ ni kí wọ́n ti rà á, kí Use Year bára mu, kí orúkọ bára mu. Kí owó lọ sọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣètò ìwé ilé, tí yóò tọ́jú rẹ̀ títí ìwé yóò fi parí, kó má lọ tààrà sínú àkáǹtì ẹni tó ń tà. Kí ilé ìsinmi fúnra rẹ̀ fi ìwé jẹ́rìí pé kò sí gbèsè nílẹ̀ àti pé iye póìǹtì tí wọ́n pè náà wà. Ẹni tó bá ra tuntun lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ní Florida ní ọjọ́ mẹ́wàá láti yí ọkàn padà kó sì gba owó rẹ̀. Ẹni tó ń ra àtúntà lọ́wọ́ ènìyàn bíi tirẹ̀, kó má gbójú lé irú àǹfààní bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ sọ fún àwọn àgbà tó wà nínú ilé yín, pàápàá ẹni tó bá ti ní timeshare tẹ́lẹ̀. Bí ẹnì kan bá pè lórí fóònù pé òun ti rí ẹni tí yóò ra timeshare wọn ní owó gọbọi, pé kí wọ́n kàn kọ́kọ́ fi owó orí tàbí owó ìwé ránṣẹ́, olè ni. Àwọn agbófinró Amẹ́ríkà kìlọ̀ ní 2024 pé ẹgbẹ́ ọ̀daràn olóògùn olóró CJNG ti Mẹ́síkò wà nídìí irú iṣẹ́ yìí, wọ́n sì sọ pé nǹkan bí 6,000 ènìyàn ní Amẹ́ríkà ló fẹjọ́ sùn pé àwọn pàdánù owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300 mílíọ̀nù dọ́là láàárín 2019 sí 2023. Àwọn àgbàlagbà ni wọ́n sábà máa ń dọdẹ. Ẹ má fi dọ́là kan ránṣẹ́.

Ó wá ku ìyá wa tó kọ̀wé. Ẹ má rà á, ma. Kì í ṣe pé àtúntà burú, èyí ni kò bá tiyín mu: ilé rẹ̀ yàtọ̀, Use Year rẹ̀ yàtọ̀, ọdún rẹ̀ ń parí lọ, kò sì ní í fún yín ní ilé oníyàrá méjì ní oṣù mọ́kànlá tí ẹ fẹ́. Póìǹtì tí ẹ ní lọ́wọ́ lè ṣe é bí ẹ bá lò ó lọ́nà mìíràn. Disney gbà kí ẹ tọ́jú póìǹtì ọdún kan dé ọdún kejì, bí ẹ bá ṣe é kí oṣù mẹ́jọ Use Year yín tó pé. Ẹ tọ́jú ti ọdún yìí. Lọ́dún tó ń bọ̀, póìǹtì ọdún méjì wà lọ́wọ́ yín, ẹ ó gba yàrá ńlá, Màmá yóò ní yàrá tirẹ̀. Bí ó bá ku díẹ̀ kó tó, ẹ yá díẹ̀ náà. Ọdún tí ẹ kò lọ sí Orlando, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí Ìbàdàn bá Màmá, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ òun nìkan ni yóò máa wọ ọkọ̀ òfurufú. Ẹ ṣe é báyìí lẹ́ẹ̀mejì. Bí póìǹtì yín bá ṣì jìnnà sí iye tí ẹ nílò lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wá àtúntà Saratoga Springs tí Use Year rẹ̀ jẹ́ December, kí ẹ sì fi orúkọ ẹ̀yin méjèèjì sí i. Ẹ pe alágbàtà náà lọ́la, kí ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé rárá.